Wàláà Ni Tàbí Ọpọ́n? Orúkọ Ẹ̀rọ Kan Lẹ́nu Àwọn Ènìyàn Ayé

Ní ọdún 2013, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba. Ẹ̀rọ náà kò ju ohun tí ọmọdé lè gbé há abíyá lọ. Kò ní bọ́tìnnì wẹ́rẹwẹ̀rẹ bí ti taipuráítà. Ojú rẹ̀ gan-an ni a ń fi ìka tẹ̀. Ìwé fún oríṣi ẹ̀kọ́ 17 ni wọ́n kó sí inú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò ti àwọn ọdún tí ó ti kọjá, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó ìwé má baà máa wo ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní tablet. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ tirẹ̀ ní Ọpọ́n Ìmọ̀.

Àríyànjiyàn pọ̀ nígbà náà lórí iye owó tí wọ́n ná sí i, èmi kò sì ní í dá sí ìyẹn níhìn-ín. Orúkọ ni ó jẹ mí lógún, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, n kò rí orúkọ tí ìjọba kan fún ohun èlò ìgbàlódé tí ó jinlẹ̀ tó èyí, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì rí èyí tí àwọn ènìyàn jókòó tì tó bẹ́ẹ̀ láti yẹ inú rẹ̀ wò. Bí ẹ bá lọ sí Ìrèé lónìí, ní àyíká Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Gbogboǹṣe ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yìí sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni orúkọ rẹ̀ ní èdè bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì wí fún yín pé “tábù” ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láti 2015 ni àjọ JAMB ti pa ìwé tì, tí ó jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì ti ń dáhùn ìbéèrè. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ti abúlé tí ó yí Ìrèé, Ààgbà tàbí Ìlá ká wá ń bá ẹ̀rọ pàdé ní ọjọ́ tí a ń pinnu ọjọ́ ọ̀la rẹ̀. Bí olùkọ́ rẹ̀ kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún un ní èdè tí ó fi ń ronú, ìbẹ̀rù ni ọmọ náà yóò gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun tí a bá lè dárúkọ ni a lè bi ẹlòmíràn léèrè.

ÌYÁ KAN NÍ ÌRÈÉ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan ní Ìrèé gbọ́ lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fún àwọn ní tablet ní ilé ẹ̀kọ́. Ó pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, àìsàn wo ni wọ́n rí lára àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ máa fún wọn ní oògùn lójú agbo?” Hóró oògùn ni tablet tí ìyá mọ̀ láti ilé ìwòsàn, kò sì jẹ̀bi. Mo ní, “Ìyá, kì í ṣe oògùn o. Wàláà ìgbàlódé ni.” Ìyá wo ojú mi, ó ní, “Wàláà? Ṣé wọ́n máa ń fọ òun náà ni?”

Ìbéèrè yìí lágbára ju bí ìyá ti rò lọ. Ó fi ọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ yìí, ó gba ọ̀dọ̀ Faransé kọjá. Tabula ni pákó tàbí pátákó ní èdè Látìn. Nínú tabula yìí ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti rí table, tí àwa náà fi etí gbọ́, tí a sì sọ di tábìlì. Nígbà tí Faransé fẹ́ sọ pé kékeré ni, ó fi ìparí kan kún un, ó di tablette, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní tablet. Nítorí náà, tábìlì tí a fi ń jẹun àti ẹ̀rọ tí ọmọ ń tẹ̀ kiri yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Pákó kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n pákó wo? Àwọn ará Róòmù máa ń gbẹ́ ojú pákó wọnú díẹ̀, wọn a da ìda oyin sí i, wọn a jẹ́ kí ó dì. Igi tàbí irin ṣóńṣó kan ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí ojú ìda náà. Stilus ni wọ́n ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kan mú, ìyẹn ni ti ìkọ̀wé. Ẹnu kejì pẹlẹbẹ, òun ni wọ́n fi ń ra ojú ìda náà pa dà kí ó lè dán, kí a tún lè kọ nǹkan mìíràn sí i. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò ó, oníṣòwò ń lò ó, adájọ́ ń lò ó. Òwe wọn kan tilẹ̀ ti ibẹ̀ jáde: ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan ni wọ́n ń pè ní pákó tí a ti ha ojú rẹ̀ mọ́.

Ṣáájú Róòmù, ní ilẹ̀ Súmà, níbi tí Ìráákì wà lónìí, amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ó lé ní 5,000 ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfefe tẹ àmì sí ojú amọ̀ tútù láti ka àgùntàn àti ọkà. Orúkọ tí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ wọn ni edubba, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilé wàláà. Àwọn Hausa aládùúgbò wa náà ń pe ilé kéú wọn ní makarantar allo, ilé ẹ̀kọ́ wàláà. Súmà kò mọ Hausa, Hausa kò mọ Súmà. Ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì fi sọ ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ.

Bí ó ti ṣe di hóró oògùn kò ṣòro. Oògùn tí a bá lọ̀, tí a sì tẹ̀ pọ̀ títí ó fi di pẹlẹbẹ, ó jọ pákó kékeré, òun ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà, ní 1964 ni ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RAND ṣe pátákó kan tí ènìyàn lè fi igi ìkọ̀wé fa ìlà sí lójú, tí kọ̀ǹpútà yóò sì rí ohun tí ó fà. RAND Tablet ni wọ́n pè é. Ní 1972, onímọ̀ kan, Alan Kay, kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ọmọdé yóò lè máa gbé kiri bí ìwé. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe é nígbà náà. Ó di 2010 kí iPad ti ilé iṣẹ́ Apple tó jáde tí gbogbo ayé fi wá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ẹ kíyè sí i pé ọmọdé àti ẹ̀kọ́ ni Kay ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣun kò ṣìnà rárá.

WÀLÁÀ TI WÀ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí a pa dà sí ilé. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní àdúgbò Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ wàláà. Pákó ni, a fá a títí ó fi dán, ó sì máa ń ní ìdìmú ní òkè. Tàdáà ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, kálámù ni a fi ń kọ ọ́. Nígbà tí ọmọ bá ti mọ ohun tí a kọ sí i lórí, a ó fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, a ó sì kọ òmíràn. Omi ìfọ̀ náà kì í ṣe omi tí a ń dà sí ibikíbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn kan a máa mu ún. Ohun tí ìyá Ìrèé ń bi mí nìyẹn: ṣé ẹ̀rọ yìí náà ṣe é fọ̀ kí a tún kọ nǹkan sí i? Ó ṣe é fọ̀, ìyá. Nínú ìda Róòmù, nínú tàdáà ilé kéú, àti nínú ẹ̀rọ tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbé ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kan náà ni pákó náà ń ṣe: ó gba ọ̀rọ̀ wọlé, ó jẹ́ kí a pa á rẹ́, ó sì tún ṣí ojú sílẹ̀ fún òmíràn.

Èdè Lárúbáwá ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà. Lawḥ ni wọ́n ń pè é, bí a bá sì fi ìfihàn ọ̀rọ̀ orúkọ kún un, al-lawḥ. Allo ni ó dà lẹ́nu Hausa. Àwọn Bambara ní ilẹ̀ Málì ń pè é ní walan. Ẹni tí ó bá fi etí sí i yóò rí i pé wàláà tiwa sún mọ́ ti àwọn Bambara ju ti Hausa lọ. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọ ilẹ̀ wa, láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tí wọ́n ti ìhà Málì wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti so ìmàle fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ orúkọ Málì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wú mi lórí jù ni ohun tí àwọn Kírísítẹ́nì fi ṣe. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n dé ibi tí Mósè ti gba òfin lórí òkè Sínáì, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún òkúta pẹlẹbẹ tí òfin wà lára rẹ̀. Wọn kò lọ sí òkè òkun láti yá a. Wàláà ni wọ́n lò, bí wọ́n ti lo àlùfáà, àdúrà àti ìwàásù tí gbogbo wọn ti ilé Mùsùlùmí wá. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti wà nínú kéú, tí ó sì tún wà nínú ìwé Ẹ́kísódù, ta ni yóò sọ pé ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni?

Ní báyìí, ẹ wo bí ayé ti ń yí. Àwọn Lárúbáwá tí wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n pè é ní ḥāsūb lawḥī, ẹ̀rọ ìṣirò onípátákó. Àwọn Hébérù, tí èdè wọn àti ti Lárúbáwá jẹ́ ẹbí, ní luaḥ, èyí tí wọ́n fi ń pe wàláà Mósè, wọ́n sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ orúkọ ẹ̀rọ náà. Àwọn tí wọ́n ni wàláà ti fi wàláà pe ẹ̀rọ. Àwa nìkan ni a ń sọ pé tábù.

ỌPỌ́N ÀTI ÀWỌN TÍ Ó Ń GBẸ́ Ẹ

Kí ni ọpọ́n wá ń ṣe níbẹ̀? Igi tí a gbẹ́ ni ọpọ́n. A ní ọpọ́n tí a fi ń bu oúnjẹ, a ní ọpọ́n ayò pẹ̀lú ojú 12 rẹ̀, a sì ní ọpọ́n Ifá. Nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, bí ó bá kan ènìyàn láti ṣe nǹkan, a ó ní ọpọ́n ti sún kàn án. Nítorí náà, ọpọ́n kì í ṣe ti babaláwo nìkan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ “ọpọ́n ìmọ̀” tí ọkàn rẹ̀ kò ní í kọ́kọ́ lọ sí ọpọ́n Ifá, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ fẹ́ kí ó lọ.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ọ̀ṣun kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọpọ́n. Ìlá Ọ̀ràngún ni ilé àwọn Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní ọdún 2009, ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì, Alhájì ni, síbẹ̀ kò sí ohun tí ọwọ́ àwọn baba rẹ̀ ń gbẹ́ tí ọwọ́ tirẹ̀ kọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá pe ẹ̀rọ ní ọpọ́n ti ṣẹ̀ sí ẹ̀sìn rẹ̀, ó yẹ kí ó wo agbẹ́gilére yìí.

Ọpọ́n Ifá tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú àwọn tí a mọ̀ kò sí ní ilẹ̀ wa mọ́. Ó wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Christoph Weickmann ni ó kó o mọ́ àwọn ohun ìyanu rẹ̀, orúkọ ọpọ́n náà sì ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ tí ó jáde ní 1659. Láti Àllàdà, ní Olómìnira Benin òde òní, ni ó ti dé ibẹ̀. Onígun mẹ́rin ni, kò rí roboto bí ọ̀pọ̀ èyí tí a mọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: onígun mẹ́rin, pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ààlà yí i ká àti ojú títẹ́jú ní àárín.

Ojú ọpọ́n ni a ń pe àárín náà. Ibẹ̀ ni babaláwo ń da ìyẹ̀ròsùn sí, ibẹ̀ ni ó sì ń fi ìka tẹ odù. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ti ṣe múra sílẹ̀ de ẹ̀rọ yìí láìmọ̀. Ojú ẹ̀rọ ni a ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń sọ ojú ọpọ́n. Títẹ̀ ni a ń tẹ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń tẹ Ifá, tí a sì ń tẹ ìwé jáde. Ìka ni a fi ń ṣe é; ọ̀rọ̀ náà digital tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pariwo rẹ̀ lónìí, ìka ni digitus tí wọ́n ti rí i ní èdè Látìn, nítorí ìka ni wọ́n fi ń kà nǹkan. Bí babaláwo bá sì parí, yóò fi ọwọ́ pa ojú ọpọ́n rẹ́, odù mìíràn yóò sì tún jáde. A tún ti pa dà sí ìbéèrè ìyá Ìrèé.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkàwé kan ti ń dúró de kí n sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Lóòótọ́, àmì mẹ́jọ ni ó wà nínú odù kan, àmì kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Bí a bá sọ méjì di ìlọ́po méjì ní ọ̀nà mẹ́jọ, 256 ni a ó rí, iye odù Ifá gan-an. Kọ̀ǹpútà náà ń fi òdo àti ení kọ ohun gbogbo, ó ń tò wọ́n ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, mẹ́jọ kan sì lè gba oríṣi 256. Ìṣirò kan náà ni. Ṣùgbọ́n n kò bá wọn lọ títí dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí Leibniz, onímọ̀ ará Jámánì, kọ̀wé lórí ìṣirò òdo àti ení ní 1703, ìwé àwọn ará Ṣáínà ni ó tọ́ka sí, níbi tí àmì mẹ́fà-mẹ́fà ti bí 64. Àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn lè bá ìṣirò kan náà pàdé. Iṣẹ́ babaláwo ni kí ó mọ ẹsẹ tí odù náà gbé wá, kí ó sì mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ mu. Ẹ̀rọ kò ṣe ìyẹn fún un. Ìyìn tí kò tọ́ sí ènìyàn a máa bo èyí tí ó tọ́ sí i mọ́lẹ̀.

BÍ ÀWỌN MÌÍRÀN TI ṢE TIWỌN

Àwọn ará Jámánì ń pe ẹ̀rọ náà ní Tablet, hóró oògùn ni Tablette lọ́dọ̀ wọn, Tablett tí ó sì ní “t” méjì ní ìparí, ọpọ́n tí a fi ń gbé oúnjẹ ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un kà. Ní ìlú tí ọpọ́n Ifá wa ti wà láti ọjọ́ Weickmann, ọ̀rọ̀ fún ọpọ́n àti ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé Ọ̀ṣun kàn fa ọpọ́n wọlé nítorí ẹwà ni, kí ó lọ bi ará Ulm.

Ní Íńlándì òde òkun tí yìnyín pọ̀ sí, Iceland, wọn kì í fẹ́ yá ọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní tölva fún kọ̀ǹpútà láti 1965, tí ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, Sigurður Nordal, fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí iye pọ̀ mọ́ orúkọ obìnrin aríran àtijọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dé, wọ́n kàn fi pátákó síwájú rẹ̀, ó di spjaldtölva. Àwọn ará Ṣáínà ń pe kọ̀ǹpútà ní ọpọlọ oníná. Wọ́n fi pátákó pẹlẹbẹ kún un, ó parí. Swídìn ń pè é ní surfplatta, àwo tí a fi ń rìn kiri orí ayélujára. Ní Tànsáníà, kishikwambi ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Swahili. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní orílẹ̀-èdè náà ní 2022, òun ni àwọn akaniyàn gbé kiri, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu ìjọba àti ará ìlú. Ìjọba wọn kò tijú láti lò ó nínú ìwé àṣẹ.

Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́? Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà láàrín wa ní 1889, Faransé ni àwọn ọmọ wọn ń kà ní ilé ẹ̀kọ́. Tablette ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, èyí tí Faransé tún fi ń pe ṣokoléètì pẹlẹbẹ. Ọmọ Ìrèé ní tábù, ọmọ Kétu ní tablette. Bíbélì Yorùbá kan náà ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ní ìhà méjèèjì, wàláà sì ni ó wà nínú rẹ̀.

ÈWO NI KÍ A MÚ?

Bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlá kò fara mọ́ wàláà. Ó ní ọmọ tí ó bá ti jáde ní ìdí wàláà ti bọ́ sí ìdí ìwé ńlá, a kì í sì dá a pa dà; bí a bá pe ohun èlò akẹ́kọ̀ọ́ girama ní wàláà, ó dà bí ẹni pé a ní kí ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n wàláà Mósè kì í ṣe ti ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ Róòmù kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ìṣòro tí mo rí pẹ̀lú ọpọ́n ìmọ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kò sí ìmọ̀ kankan nínú rẹ̀. Eré bọ́ọ̀lù ni ọmọ ń gbá lórí rẹ̀, sinimá ni ìyá rẹ̀ ń wò, oníṣòwò sì ń fi í ka ẹrù. Bí a bá pe gbogbo wọn ní ọpọ́n ìmọ̀, a ti purọ́ mọ́ wọn. Ìṣòro kejì ni ti ìjọba. Arẹ́gbẹ́ṣọlá kúrò ní ipò ní oṣù kọkànlá ọdún 2018. Orúkọ tí a bá fi pe iṣẹ́ tí gómìnà kan ṣe, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn gómìnà náà nìkan ni wọ́n máa ń fẹ́ gbé e lẹ́nu, àwọn yòókù a sì yẹra fún un bí ẹni pé káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó dára ṣe ń kú sí inú fáìlì.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn olùkọ́ nìyí, ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá. Kí wàláà jẹ́ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú, ohun yòówù kí ó wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń bẹ̀rù pé yóò dàrú mọ́ ti ilé kéú, kí ó pè é ní wàláà oníná. Kí ọpọ́n ìmọ̀ sì jẹ́ ti èyí tí a dìídì kó ẹ̀kọ́ sí nínú, ìjọba yòówù kí ó rà á, tàbí òbí yòówù. Nígbà náà, kí a má ṣe fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọpọ́n Ìmọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí a ṣe ní Ọ̀ṣun ní 2013; ọpọ́n ìmọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó. Lẹ́tà méjì péré ni ó wà láàrín wọn. Kí olùkọ́ tí ó bá rí i nínú àròkọ ọmọ má sì ṣe fa ìlà pupa sí i lábẹ́.

Ó ku igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n máa ń tà pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ mìíràn, tí a fi ń kọ̀wé tàbí ya àwòrán sí ojú rẹ̀. Stylus ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, stilus ti àwọn ará Róòmù kò sì tíì yí pa dà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìrèé bi mí bóyá kí àwọn wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, ó tilẹ̀ ti kọ mẹ́ta sílẹ̀ tí ó gùn bí oríkì. Mo ní kí ó lọ sí ilé kéú tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, kí ó bi ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó bá bá níbẹ̀ pé kí ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí wàláà. Ó pa dà wá ní ọjọ́ kejì, ó ní kálámù ni.